Ta Ni Òǹwòran Ń Dá Lẹ́bi? Ọ̀rọ̀ Lílu Obìnrin nínú Eré Orí Tẹlifíṣọ̀n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lónìí, nítorí pé inú yàrá ìgbàlejò tèmi gan-an ni ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Ìbàdàn, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n ní ilé mi: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa, ìyá ìyàwó mi tí ó wá kí wa, àti àwọn ayálégbé méjì tí a jọ ń gbé. Eré àtìgbàdégbà kan ni a ń wò. Ọkọ inú eré náà ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá oúnjẹ tí ó ti tutù, ni ó bá fọ́ ìyàwó rẹ̀ létí. Obìnrin náà ṣubú lulẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ké pé, 'Yéè! Ẹ gbà á o!' Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé náà ń nu ojú. Èmi pàápàá ń mi orí.

Ibi tí a ti ń kẹ́dùn, tí a sì ń ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà, ni a ti gbọ́ igbe mìíràn. Kì í ṣe inú tẹlifíṣọ̀n ni ó ti wá. Ilé kejì ni, lẹ́yìn ògiri wa. A mọ ohùn ẹni tí ń ké. Obìnrin tí ó máa ń kí wa láràárọ̀ nígbà tí ó bá ń mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni. Gbogbo wa dákẹ́. A wo ojú ara wa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wa na ọwọ́ sí rìmóòtù, tí ó sì gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, kí a lè máa gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, kí ni òǹwòran ń rí gan-an nígbà tí ó bá ń wo obìnrin tí wọ́n ń lù nínú eré? Kí ni ó fà á tí omijé fi ń jáde lójú wa nítorí òṣèré tí ó ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ wa kò sì lè gbéra nílẹ̀ nítorí ẹni tí ìyà ń jẹ ní tòótọ́?

Ẹ̀kọ́ ni Yorùbá ń wá nínú eré

Ọ̀rọ̀ eré orí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnjò fi rí i pé ìtàgé tuntun ti dé. Olóògbé Oyin Adéjọbí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Kóòtù Aṣípa wá sí ojú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí tọkọtaya, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ti ń ro ẹjọ́ tẹnu wọn. Túbọ̀sún Ọdúnsì gbé Fèyíkọ́gbọ́n kalẹ̀, orúkọ eré náà sì ti sọ ohun tí ó wà fún.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé orúkọ méjèèjì yìí ń tọ́ka sí ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà wo eré. Ọ̀kan sọ òǹwòran di adájọ́, èkejì sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá pa àlọ́ tán, a ó ní, 'Ìtàn yìí kọ́ wa pé.' Bí eré bá parí, a ó béèrè ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́. Karin Barber, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ẹgbẹ́ Adéjọbí rìn, tí ó tilẹ̀ bá wọn ṣeré lórí ìtàgé, fi èyí hàn nínú ìwé tí ó kọ nípa wọn ní ọdún 2000: ẹ̀kọ́ tí òǹwòran yóò fi tún ayé tirẹ̀ ṣe ni ó ń wá kiri nínú eré.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wí pé 'eré lásán ni' kò tíì mọ àwùjọ wa. Òǹwòran Yorùbá ń dájọ́ bí ó ti ń wò. Bí a bá sì fẹ́ mọ ẹ̀kọ́ tí ó mú lọ sí ilé, ẹni tí ó dá lẹ́bi ni kí a kọ́kọ́ béèrè.

Ṣùárà àti Tóyìn Tòmátò

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ọdún 2001, ilé iṣẹ́ Wálé Adénúgà bẹ̀rẹ̀ eré Super Story, èyí tí a máa ń wò ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ìtàn àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ dá lórí baba kan tí ń jẹ́ Ṣùárà. Ó ní aya, ó bí ọmọ, ṣùgbọ́n ó gbé àlè kan tí ń jẹ́ Tóyìn Tòmátò. Ìyá àwọn ọmọ rí ìyà, àwọn ọmọ náà sì rí i. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ni ó ṣe Tóyìn Tòmátò, ó sì ṣe é débi pé orúkọ náà kò tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ogún ọdún.

Ìbéèrè mi nìyí: èwo nínú orúkọ méjèèjì ni ó di orúkọ ìbúni? Títí di òní, bí a bá fẹ́ bú obìnrin tí ó ń da ilé onílé rú, a lè pè é ní Tóyìn Tòmátò. Ó ṣọ̀wọ́n kí n gbọ́ kí wọ́n pe ọkọ tí ó ń jẹ aya rẹ̀ níyà ní Ṣùárà. N kò sọ pé Tóyìn kò hùwà ìkà. Ṣùgbọ́n ta ni ó bá ìyá àwọn ọmọ ṣe ìgbéyàwó? Ta ni olórí ilé? Ọwọ́ ta ni agbára wà? Òǹwòran tí ó jẹ́ adájọ́ jẹ́ kí olórí ọ̀ràn lọ sí ilé ní àlàáfíà, ó wá gbé gbogbo ẹjọ́ náà ka orí ẹni tí ó tẹ̀lé e.

Ẹjọ́ òǹwòran nìkan kọ́, òǹkọ̀wé eré lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ eré àti fíìmù wa ti ń lọ. Ọkọ rere ni ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀. Lójijì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu aya rẹ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àlè ti fún un ní nǹkan jẹ, tàbí ìyá ọkọ ti lọ sí ilé babaláwo, tàbí orogún ti gbé e sínú ìgò. Ìyàwó á máa sunkún, á máa gbààwẹ̀, á máa gbàdúrà. Nígbà tí ó bá yá, oògùn á bàjẹ́, ojú ọkùnrin náà á là, á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì jọ lọ ṣe ìdúpẹ́. Àwọn òǹwòran á ní, 'Ẹ kú orí ire o.'

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú ìyẹn? Ó kọ́ wa pé ọwọ́ tí ó lu obìnrin náà kì í ṣe ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó kọ́ obìnrin pé kí ó jókòó sínú ilé tí wọ́n ti ń lù ú, kí ó máa retí ọjọ́ tí ojú ọkọ yóò là. Mélòó nínú àwọn tí ń retí bẹ́ẹ̀ ni ó rí ọjọ́ náà?

Ojú mẹ́ta tí a fi ń wò ó

Ní ọdún 1973, ọ̀mọ̀wé kan tí a bí ní Jàmáíkà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stuart Hall, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí òǹwòran ti ń gba ọ̀rọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni. Òǹwòran lè gba ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ti fẹ́. Ó lè gba apá kan, kí ó dúnàádúrà lórí apá kejì. Ó sì lè kọ̀ ọ́ pátápátá, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí òdìkejì.

Mo rí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ilé mi lálẹ́ ọjọ́ náà, kí igbe ilé kejì tó dé. Ìyá ìyàwó mi, lẹ́yìn tí ó ti kẹ́dùn tán, ní, 'Kí ó fara dà á nítorí ọmọ. Sùúrù ni baba ìwà.' Ohun tí òǹkọ̀wé eré fẹ́ gan-an nìyẹn. Ayálégbé kan ní, 'Kò dára kí ọkùnrin lu obìnrin o, ṣùgbọ́n kí ni ó ṣe tí oúnjẹ ọkọ rẹ̀ fi tutù?' Ìdúnàádúrà nìyẹn. Àkọ́bí wa obìnrin, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, wá ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́ nìyí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni ó gbé oúnjẹ tútù fún un, ṣé yóò fọ́ ọ létí?' Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Ìbéèrè ayálégbé yẹn, 'kí ni obìnrin náà ṣe?', kì í ṣe ìbéèrè òun nìkan. Nínú ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera àti iye ènìyàn tí a máa ń ṣe jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n ka ìdí márùn-ún fún àwọn ènìyàn, wọ́n sì bi wọ́n bóyá ó tọ́ kí ọkọ lu aya nítorí èyíkéyìí nínú wọn: bí ó bá jó oúnjẹ, bí ó bá bá ọkọ jiyàn, bí ó bá jáde láìsọ fún un, bí kò bá tọ́jú ọmọ, tàbí bí ó bá kọ̀ láti bá a sùn. Ní ọdún 2013, obìnrin 35 nínú ọgọ́rùn-ún àti ọkùnrin 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbà pé ó tọ́ nítorí ó kéré tán ìdí kan. Ní ọdún 2018, ó ti wálẹ̀ sí obìnrin 28 àti ọkùnrin 21. A dúpẹ́ pé ó ń dínkù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àwọn obìnrin tí ó gbà pé ó tọ́ pọ̀ ju àwọn ọkùnrin lọ. Ìwádìí ọdún 2018 yìí kan náà fi hàn pé 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49 ni ẹnìkan ti lù rí tàbí ṣe léṣe láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15.

Ẹ tún ìdí márùn-ún yẹn kà. Ṣé wọn kò jọ ohun tí a máa ń fi ṣáájú nínú eré kí ọkọ tó na ọwọ́? Oúnjẹ tutù, ìyàwó fèsì, ìyàwó pẹ́ lóde. Bí eré bá ti kọ́kọ́ fún wa ní ìdí, orí ìwọ̀n ni òǹwòran máa gbé e sí, yóò máa wò ó bóyá ìyà náà tó ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ó jù ú lọ. Kò ní í rántí béèrè ẹni tí ó fún ọkọ ní àṣẹ láti fìyà jẹni.

Ṣé àṣà wa ni?

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà Yorùbá ni kí obìnrin máa fara dà á. Wọn yóò ní ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Wọn yóò ní obìnrin sọ ìwà nù, ó ní òun kò lórí ọkọ. Wọn yóò sì fi dé e pé a kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

N kò ní í purọ́ mọ́ àwọn baba wa. Wọ́n lu obìnrin láyé àtijọ́, bí a bá sì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, a ń tan ara wa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi àṣà ṣe ẹ̀rí, kí ó mú gbogbo rẹ̀ wá. Inú agbo ilé ni àwọn baba wa ń gbé. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí, bí obìnrin bá sì ké, baálé gbọ́, ìyálé gbọ́, àwọn ìyàwó ilé gbọ́. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ tí yóò sọ pé kò kan òun. Àgbà yóò kan ilẹ̀kùn, yóò ní, 'Kí ló dé?' Bí ọkọ kò bá dáhùn, ó ti tẹ́ lójú agbo ilé. Ìdílé ni ó sì fa ọmọ lé ìdílé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nítorí náà àwọn ẹbí ìyàwó lẹ́nu láti béèrè ọmọ wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, ilé baba wà. Òótọ́ ni pé orúkọ tí a ń pe ẹni tí ó padà wá sílé, ilémoṣú, kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò tì.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ti rí lónìí? A ti kúrò ní agbo ilé, a ti kó sí fúláàtì. Odi yí i ká, géètì wà lẹ́nu ọ̀nà, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ń bo igbe mọ́lẹ̀. A mú òwe sùúrù dání wá láti agbo ilé, a sì fi àṣà kíkan ilẹ̀kùn sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìdajì àṣà ni a ń pè ní àṣà. Èyí tí ó ń so obìnrin mọ́lẹ̀ ni a tọ́jú, a sọ èyí tí ó ń dáàbò bò ó nù.

Ìkòkò tí ń dún ní Gúúsù Áfíríkà

Ṣé eré orí tẹlifíṣọ̀n lè dá ìdajì kejì yẹn padà? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1999 jẹ́ ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe. Eré kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Soul City, èyí tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, lórí rédíò àti nínú ìwé pélébé. Nínú apá kẹrin eré náà, wọ́n fi olùkọ́ kan hàn, Thabang, ẹni tí gbogbo àdúgbò bọ̀wọ̀ fún, tí ó sì ń lu aya rẹ̀, Matlakala. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í ṣe ìsáǹsá, kò sì sí ẹni tí ó fún un ní nǹkan jẹ. Ènìyàn pàtàkì ni, ó sì ń lu aya. Àwọn òǹkọ̀wé eré náà kò fún òǹwòran ní ibi tí yóò sá sí.

Àwọn aládùúgbò inú eré náà ń gbọ́ igbe lójoojúmọ́, wọn kò sì dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Nígbà tí ó yá, ara wọn kò gbà á mọ́. Ní ọjọ́ tí ìlù tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó ìkòkò àti abọ́ irin jáde, wọ́n dúró yí ilé náà ká, wọ́n sì ń lù wọ́n kíkankíkan. Wọn kò wọlé, wọn kò ba ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn jẹ́ kí Thabang mọ̀ pé àwọn gbọ́.

Lẹ́yìn tí eré náà jáde, ìròyìn wá láti àdúgbò mélòó kan pé àwọn ènìyàn ń lu ìkòkò ní tòótọ́ ní ẹnu ọ̀nà ọkọ tí ó bá ń lu aya. Ní ilé ọtí kan ní Thembisa, ọkùnrin kan lu ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, àwọn tí ń mutí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgò lu tábìlì. Kò sí ìgò nínú eré; àwọn fúnra wọn ni wọ́n ro ìyẹn.

Àwọn tí ó gbé eré náà jáde kò fi mọ sí orí tẹlifíṣọ̀n. Orílẹ̀-èdè náà ti ṣe òfin lórí ìwà ipá nínú ilé ní ọdún 1998, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mú un lò. Wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà fún obìnrin lọ́wọ́ sí i láti ti ìjọba, wọ́n sì dá nọ́ńbà tẹlifóònù kan sílẹ̀ tí ẹni tí ìyà ń jẹ lè pè. Ní oṣù kejìlá ọdún 1999 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwádìí tí a ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé 41 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a bi léèrè ti gbọ́ nípa nọ́ńbà náà, àti pé iye àwọn tí kò gbà mọ́ pé ọ̀rọ̀ àṣírí tọkọtaya ni lílu aya fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Kì í ṣe pé ìwà ipá tán ní ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n eré náà sọ fún òǹwòran ohun tí kò wọ́pọ̀ nínú eré tiwa: ó sọ ohun tí aládùúgbò yóò ṣe.

Iṣẹ́ tí ó kù

Àwa náà ní òfin. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìwà ipá sí ènìyàn jáde ní ọdún 2015. Ó ní ẹni tí ó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì pọ̀. Ìgbà wo ni ẹ ti wo eré Yorùbá tí obìnrin tí wọ́n lù fi mẹ́nu ba òfin yìí, tí adájọ́ sì dá a láre? Ó yẹ kí àwọn òǹkọ̀wé eré wa padà sínú Kóòtù Aṣípa, kí wọ́n tún ẹjọ́ náà pè.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré onítàn, ẹ má fi ẹ̀kọ́ náà mọ sí orí ohun tí ìyàwó ṣe. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó gbọ́ igbe rẹ̀? Kí ni ẹni náà ṣe? Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń parí ìjà tọkọtaya, ẹ má kàn ní kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó sì padà lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọkọ pẹ̀lú, kí ẹ sì padà lọ wo ilé náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ti sọ pé ọ̀kan nínú wa ni ó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi ni. Ojú mẹ́ta ni a fi wo eré nínú ilé mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ̀ kan tí ó dìde, bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi tí mo ń kọ́ni ní àṣà.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé baba rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, mo pàdé rẹ̀ ní ọjà Bódìjà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó béèrè ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. Nígbà tí a fẹ́ pínyà, ó ní, 'Bàbá Bọ́lá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí mo ń ké, ṣé ẹ gbọ́?'

Mo ní mo gbọ́.

Ó ní, 'Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́, sà. Èmi náà gbọ́ tẹlifíṣọ̀n yín.'

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ń wo eré lálẹ́ òní, tí àánú òṣèré ṣe yín, kò burú. Ṣùgbọ́n bí igbe bá ti ẹ̀yìn ògiri wá, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ pe ẹnìkejì dání, kí ẹ sì lọ kan ilẹ̀kùn.